Bí a ṣe ń kọ àyọkà nípa ìkéde òmìnira orílẹ̀-èdè sí Wikipéédíà Yorùbá: ìtọ́sọ́nà fún olóòtú tuntun

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwa tí à ń kọ Wikipéédíà ní èdè Yorùbá ló máa ń fẹ́ fi ìtàn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, ìkéde òmìnira sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú, nítorí pé ó jọ ohun tí kò le: ọjọ́ kan wà, ìwé kan wà, olórí kan sì wà tó kà á sí etígbọ̀ọ́ aráyé. Ibi tó ti jọ pé ó rọrùn yìí gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Nínú àwọn àyọkà lórí kókó yìí tí mo ti rí tí wọ́n pa rẹ́ tàbí tí wọ́n tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù kò ṣubú nítorí pé èdè wọn kò dán mọ́rán. Wọ́n ṣubú nítorí pé ẹni tó kọ wọ́n kò tíì pinnu ohun tí òun ń kọ̀wé lé lórí, bóyá ìwé ni, bóyá ọjọ́ ni, bóyá ìdìbò ni, tàbí ogun tó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dé orí títẹ ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀rọ.

Ṣé orílẹ̀-èdè náà tilẹ̀ kéde òmìnira?

Nàìjíríà ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ. A máa ń sọ lẹ́nu pé Nàìjíríà kéde òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìkéde kan tí àwọn aṣáájú wa jókòó kọ tí wọ́n sì buwọ́ lù, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe ní ọdún 1776. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960, òfin yìí ló sì dá ọjọ́ tí àkóso wọn yóò dópin. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ọmọọba Alexandra wá ṣojú ọbabìnrin ní pápá ìsáré ẹṣin ní Èkó, èyí tí a sọ lórúkọ Tafawa Balewa lẹ́yìn náà, ó sì fa ìwé àṣẹ òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́. Ṣáájú ìgbà náà, Anthony Enahoro ti gbé àbá wá sí ilé aṣòfin ní oṣù Kẹta ọdún 1953 pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956, àbá náà kò sì wọlé; Samuel Ladoke Akintola gbé tirẹ̀ wá ní ọdún 1957, ilé sì gbà á. Àbá nínú ilé aṣòfin ní Èkó, òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ayẹyẹ ní pápá: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ìwé ìkéde òmìnira nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí èyíkéyìí nínú wọn ní àyọkà gidi lọ́wọ́, àbá Enahoro nìkan tó àyọkà kan, ṣùgbọ́n kí ó má fi “Ìkéde Òmìnira Nàìjíríà” ṣe àkọlé rẹ̀.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni Hubert Maga kéde òmìnira Dahomey, ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, ṣùgbọ́n ó kéde rẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti ìjọba Faransé ti fẹnu kò ni. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Hàítì ní ọdún 1804, níbi tí àwọn tó kéde ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ogun lé àwọn ọmọ ogun Faransé kúrò nílẹ̀. Ó tún yàtọ̀ sí ti Rhodesia, ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1965, níbi tí Ian Smith àti ìjọba àwọn òyìnbó díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ti kéde òmìnira kí àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, má baà gba ìjọba. Orúkọ kan náà ni à ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àyọkà wọn kò lè jọra. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sórí ìwé tó sọ ẹni tó kéde, ẹni tí wọ́n kéde rẹ̀ fún, àti bóyá ẹni náà gbà tàbí kò gbà. Bí gbólóhùn yìí bá ṣòro fún yín láti parí, ẹ ṣì ní ìwé láti kà.

Ọjọ́ wo ni ẹ ń sọ?

Ọjọ́ ni àwọn olóòtú tuntun máa ń ṣì jù. Ní ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1776 ni àwọn aṣojú tó pàdé ní Philadelphia dìbò pé àwọn yọwọ́ kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 4 oṣù Keje tí gbogbo ayé mọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, èyí tí Thomas Jefferson kọ ní pàtàkì. Lóru ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e fún òǹtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn 56 tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀ tó buwọ́ lù ú. Àwọn aṣojú New York kò tilẹ̀ dìbò ní ọjọ́ 2 yẹn, ọjọ́ 9 oṣù Keje ni ìlú wọn tó fọwọ́ sí i. Olóòtú tó bá kọ pé “àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá buwọ́ lu ìkéde náà ní ọjọ́ 4 oṣù Keje” ti kó àṣìṣe méjì ó kéré tán sínú gbólóhùn kan.

Ọjọ́ tí ilẹ̀ kan kéde àti ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ gbà fún un náà sábà máa ń jìnnà síra wọn. Sukarno kéde òmìnira Indonesia ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ìjọba Netherlands kò sì gbé àṣẹ sílẹ̀ títí di ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1949. Brazil kéde tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1822, Pọ́túgà gbà á ní ọdún 1825. Guinea-Bissau kéde ní Madina do Boé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, nígbà tí ogun ṣì ń lọ, nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni Pọ́túgà tó gbà á. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fa ìlà márùn-ún sórí ìwé kí ẹ tó kọ àyọkà: ọjọ́ ìpinnu, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kà á tàbí tẹ̀ ẹ́ síta, ọjọ́ ìbuwọ́lù, àti ọjọ́ tí àwọn mìíràn gbà á. Kì í ṣe gbogbo ìkéde ló ní márààrún. Ìlà tó bá ṣófo, ẹ jẹ́ kí ó ṣófo, ẹ má fi àròsọ kún un.

Àwárí, orúkọ oníṣe àti ojú ewé ìdánrawò

Apá yìí kò gba àkókò. Ẹ wá àkọlé yín lórí Wikipéédíà Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ tún wá a láìfi àmì kankan sí i, kí ẹ sì gbìyànjú orúkọ orílẹ̀-èdè náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, nítorí pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn tó ṣáájú wa gbà kọ orúkọ ìlú òkèèrè. Bí ẹ bá rí ojú ewé tó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn méjì péré, òun ni kí ẹ fẹ̀. Ẹ má ṣe dá òmíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dá tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì ṣe àtúnjúwe láti ara ọ̀nà ìkọ̀wé yòókù kí ẹni tó bá wá a láìfi àmì sí i lè rí i.

Ẹ lè ṣàtúnṣe láìforúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ àyọkà ní orúkọ oníṣe, kí àwọn olóòtú yòókù lè bá a sọ̀rọ̀ ní ojú ewé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ orúkọ àbísọ yín. Lábẹ́ ojú ewé oníṣe yín ni ẹ ó ti dá ojú ewé ìdánrawò sílẹ̀, níbi tí ẹ lè kọ, kí ẹ pa rẹ́, kí ẹ tún un kọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò fi àmì ìparẹ́ lé e lórí. Inú ibẹ̀ ni kí àyọkà ìkéde òmìnira yín ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìlàjì iṣẹ́ síta pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò padà wá parí rẹ̀, iná ọba á lọ, ìwọ̀n détà á tán, ẹlòmíràn á sì ti pa á rẹ́ kí wọ́n tó padà dé.

Orísun: ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí

Òfin tó ṣe kókó jù ní Wikipéédíà ni pé ohun gbogbo tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní orísun tí òǹkàwé lè lọ yẹ̀ wò. Ní ti ìkéde òmìnira, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ìwé ìkéde náà fúnra rẹ̀ tó ẹ̀rí. Ó jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ohun tó lè jẹ́rìí sí kò pọ̀: ó ń jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n sọ, kò jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ìwé ti Amẹ́ríkà to ẹ̀sùn jọ lórí Ọba George Kẹta. Kíkọ sínú àyọkà pé ọba náà jẹ́ aninilára, nítorí pé ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀, lòdì sí òfin. Kíkọ pé ìwé náà fẹ̀sùn kan ọba pé ó jẹ́ aninilára, ìyẹn dára. Ohun tó bá ju ohun tí wọ́n sọ lọ, bíi ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́, àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, ọwọ́ àwọn òpìtàn tí wọ́n ti ṣèwádìí ni ẹ ó ti gbà á, ó kéré tán ọwọ́ òpìtàn méjì tí kì í ṣe pé ọ̀kan da ti èkejì kọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú Hàítì kí a wò ó fínnífínní, nítorí kò sí ìkéde tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa orísun tó o. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1804, ní ìlú Gonaïves, Jean-Jacques Dessalines àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ kéde pé ilẹ̀ Saint-Domingue kò sí lábẹ́ Faransé mọ́ àti pé Hàítì ni yóò máa jẹ́. Louis Boisrond-Tonnerre, akọ̀wé Dessalines, ló kọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé máa ń sọ pé kò sí ẹ̀dà kankan tí ìjọba Hàítì tẹ̀ nígbà náà tó ṣì wà láyé. Ní ọdún 2010, Julia Gaffield, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Duke University nígbà náà, rí ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1804 nínú àwọn ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà nípamọ́ ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ìwé tó dára tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1995 lè ṣì yín lọ́nà lórí kókó kan yìí, kì í ṣe pé òǹkọ̀wé rẹ̀ kò mọ iṣẹ́, bí kò ṣe pé wọn kò tíì rí i nígbà tó ń kọ̀wé. Ẹ máa wo ọdún tí wọ́n tẹ orísun yín.

Ìtàn mìíràn tó gbajúmọ̀ nípa ìkéde yìí ni pé Boisrond-Tonnerre sọ ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé awọ òyìnbó ló yẹ kí àwọn fi ṣe ìwé tí àwọn yóò kọ ọ́ sí, kí agbárí rẹ̀ jẹ́ ìgò tàdáwà, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tàdáwà, kí idà ẹnu ìbọn sì jẹ́ kálàmù. Àwọn òpìtàn Hàítì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí nínú ìwé ìkéde fúnra rẹ̀. Ó lè wọ inú àyọkà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú “gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti kọ ọ́”, kí a má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé a wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ìdẹwò fún àwa Yorùbá. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Saint-Domingue, Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ náà sì wà nínú ẹ̀sìn Vodou títí di òní. Ìyẹn ní orísun. Láti ibẹ̀ lọ sí “àwọn Yorùbá ló gba òmìnira Hàítì” jìnnà, ẹ má fò ó. Bákan náà ni ẹ̀rí ẹnu. Bàbá yín àgbà lè ti wà ní pápá ìsáré ẹṣin lóru ọjọ́ tí wọ́n ta àsíá Nàìjíríà, ohun tó rí sì lè dùn ún gbọ́ ju ti ìwé lọ, ṣùgbọ́n a kò lè fi ṣe ìtọ́kasí ní Wikipéédíà àyàfi bí ìwé ìròyìn tàbí ìwé kan bá ti gbé e jáde. Ìwé ìjọba tí ẹ bá fúnra yín tú jáde ní ibi ìkówèépamọ́sí ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn náà nìyẹn, bí kò bá sí òpìtàn tó ti lò ó nínú ohun tí a tẹ̀ jáde. Bulọ́ọ̀gù àti Facebook kò yẹ ní orísun rárá, Wikipéédíà èdè mìíràn náà kò sì yẹ.

Kíkọ ọ́

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi àkókò yín sí jù. Irú èyí tí mo máa ń rí ni: “Hàítì jẹ́ orílẹ̀-èdè ẹlẹ́wà tí àwọn akọni ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ra òmìnira lọ́wọ́ àwọn amúnisìn.” Òǹkàwé tó wá ìwé ìkéde kan kò rí i nínú gbólóhùn yìí, orílẹ̀-èdè ló rí, ó sì rí ìyìn. Ẹ fi wé èyí: “Ìkéde Òmìnira Hàítì ni ìwé tí Jean-Jacques Dessalines àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ fi kéde ní ìlú Gonaïves, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1804, pé Saint-Domingue ti kúrò lábẹ́ àkóso Faransé.” Ohun tó jẹ́, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó sọ, gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ àkọlé nínú gbólóhùn náà, kí ẹ sì fi ìjápọ̀ sí ara Dessalines, Gonaïves, Saint-Domingue àti Faransé. Bí ìjápọ̀ kan bá pupa, ìyẹn ni pé kò tíì sí ojú ewé fún un, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn lè rí i kó sì kọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn tó ṣáájú ìkéde, kí ó sì mọ níwọ̀n. Ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1791, mímú tí wọ́n mú Toussaint Louverture, aṣáájú wọn, lọ sí Faransé ní ọdún 1802, àti ogun Vertières ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1803 tó ìpínrọ̀ kan tàbí méjì. Ogun náà ní àyọkà tirẹ̀, tàbí ó yẹ kó ní. Ibi tí àyọkà yín gbọ́dọ̀ ti jinlẹ̀ ni ìwé ìkéde fúnra rẹ̀: èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, tó jẹ́ Faransé, àwọn apá tó ní, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Dessalines bá àwọn ará ìlú sọ wà nínú rẹ̀, ìwé òmìnira tí àwọn ọ̀gágun buwọ́ lù wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fi Dessalines jẹ gómìnà àgbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ẹni tó kà á, ibi tí àwọn ẹ̀dà rẹ̀ wà lónìí. Ẹ má gbàgbé láti sọ pé ìkéde kan ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1803, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìkéde àkọ́kọ́.

Ohun tó tẹ̀lé ìkéde ni kí ó kẹ́yìn, kí ẹ má sì fi ìkankan pamọ́ nínú rẹ̀ nítorí ìfẹ́ tí ẹ ní sí Hàítì. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ọdún 1804 ni Dessalines pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn Faransé tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ náà. Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1825, Ọba Charles Kẹwàá ti Faransé gbà pé Hàítì ti dòmìnira, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 owó franc gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú fún àwọn tó ní oko àti ẹrú níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1838 ni wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù 90. Èyí náà yẹ kó wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò gba Hàítì bí orílẹ̀-èdè títí di ọdún 1862. Bí ẹ bá to àwọn òtítọ́ yìí síra pẹ̀lú ọjọ́ wọn, òǹkàwé yóò fúnra rẹ̀ mọ ẹni tí ìyà jẹ, kò dìgbà tí ẹ bá fi “ó ṣeni láàánú” sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ jáde láti inú ìkéde, ẹ gba ìwọ̀nba, nítorí odidi ìwé ìkéde kò gbé inú àyọkà. Wikisource, ojúlé tó jẹ́ ìbátan Wikipéédíà fún odidi ìwé, ni wọ́n dá sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ẹ lè fúnra yín túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, kí ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ èdè àkọ́kọ́ sínú ìtọ́kasí kí ẹlòmíràn lè fi wé e. Ó tún dára kí ẹ wò bóyá olóòtú mìíràn ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ṣáájú yín. Nígbà tí Ho Chi Minh kéde òmìnira Vietnam ní Hanoi ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945, gbólóhùn kan láti inú ìkéde Amẹ́ríkà ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò bójú mu kí gbólóhùn kan náà jẹ́ ọ̀tọ̀ nínú àyọkà Amẹ́ríkà, kó sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀ nínú ti Vietnam.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ wà lórí Wikipéédíà tó lè gbé àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Yorùbá ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo máa ń lò ó láti rí ètò àyọkà àti ìtọ́kasí rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ́ kí ó bá mi kọ gbólóhùn. Àmì ohùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó sì máa ń sọ ìwé òfin di ìwé mìíràn. Ẹni tó bá lò ó gbọdọ̀ sọ nínú àkótán àtúnṣe pé láti inú àyọkà èdè báyìí ni òun ti túmọ̀, nítorí ìwé àṣẹ tí Wikipéédíà ń lò béèrè pé kí a dárúkọ àwọn tó ṣáájú kọ ọ́, kí ó sì ṣí ìtọ́kasí kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbé e wọlé. Ìtọ́kasí tí ẹ kò kà kì í ṣe tiyín.

Àwọn ìkéde tí ayé kò fẹnu kò lé lórí

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Odumegwu Ojukwu kéde pé ìlà-oòrùn Nàìjíríà ti di Olómìnira Biafra. Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia àti Hàítì gbà á bí orílẹ̀-èdè, ìjọba Nàìjíríà kò gbà, ogun sì parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Kò sí àyọkà tó le ju irú èyí lọ fún ọmọ Nàìjíríà láti kọ, nítorí pé ó ṣòro kí ìdílé kan má ní ohun tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀nà tó wà ni pé kí ẹ sọ ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wí, kí ẹ dárúkọ ẹni tó wí i, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀rọ̀ tó ti dájọ́ kí òǹkàwé tó dé: “ọlọ̀tẹ̀”, “akọni”, “ọ̀dàlẹ̀”, “ìjọba apànìyàn”. Bí òpìtàn kan bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, orúkọ òpìtàn náà ni kó gbé ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí àjọ àgbáyé sọ yóò ràn yín lọ́wọ́, bí ẹ bá kà á dáadáa. Ọjọ́ kejì tí Rhodesia kéde òmìnira ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹnu àtẹ́ lù ú, tí ó sì ní kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe gbà á. Ní ti Kosovo, tó kéde ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2008, ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague sọ ní oṣù Keje ọdún 2010 pé ìkéde náà kò tako òfin àgbáyé. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé Kosovo jẹ́ orílẹ̀-èdè, nítorí wọn kò bi í ní ìyẹn, ṣùgbọ́n àyọkà tí ẹ óò rí tó sọ pé “ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí òmìnira Kosovo” pọ̀ lọ jàra.

Nílé wa níbí náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn kan tí wọ́n dìhámọ́ra ya wọ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ti kéde orílẹ̀-èdè Yorùbá. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri, nítorí náà a lè kọ̀wé lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ̀lẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra méjì níbẹ̀: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, kò yẹ kí a pè é ní ọ̀daràn, olóòtú tó bá sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń jà fún ọ̀rọ̀ náà, tàbí tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ojú ewé ọ̀rọ̀ ni kó ti dá sí i, kó fi kíkọ àyọkà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àwòrán

Àwòrán tí ẹ rí lórí Google kì í ṣe tiyín láti gbé wọlé. Inú Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó àwòrán tí ẹnikẹ́ni lè lò sí, ni kí ẹ ti wá a, kí ẹ sì ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán ọ̀dà tó gbajúmọ̀ jù nípa ìkéde Amẹ́ríkà, èyí tí John Trumbull yà, tó wà lẹ́yìn owó dọ́là méjì wọn, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àwòrán ìbuwọ́lù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣàfihàn bí àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn láti kọ ọ́ ṣe gbé àkọsílẹ̀ wọn kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kò sì sí ẹni tó mú kálàmù láti buwọ́ lu nǹkan kan níbẹ̀. Bí àwòrán bá jẹ́ èyí tí wọ́n yà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ sọ ọdún tí wọ́n yà á nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá ti jáde

Kí ẹ tó gbé àyọkà kúrò ní ojú ewé ìdánrawò, ẹ kà á sókè ketekete lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọ́, ibẹ̀ ni èdè òyìnbó ṣì wà. Ẹ yẹ àmì ohùn orúkọ àti oṣù wò, bí ẹ bá kọ oṣù Kìíní níbì kan, ẹ má ṣe kọ oṣù Ṣẹẹrẹ níbòmíràn. Ẹ fi í sínú ẹ̀ka tó yẹ, irú bí ìtàn Hàítì, kí ẹ sì so ó mọ́ àwọn èdè yòókù nípasẹ̀ Wikidata, ojúlé tó ń so àyọkà kan náà pọ̀ láàárín àwọn èdè, kí ẹni tó ń kà á ní Faransé lè rí i pé ó wà ní Yorùbá.

Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun tí ẹ kọ padà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ewé ìtàn àtúnṣe kí ẹ rí ìdí tó sọ. Bí ìdí náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ojú ewé ọ̀rọ̀ àyọkà náà ni kí ẹ gbà lọ, pẹ̀lú orísun yín lọ́wọ́, kí ẹ buwọ́ lu ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ sì dúró de èsì. Dídá a padà, kí òun náà tún dá a padà, ló máa ń mú kí alámòójútó ti ojú ewé pa tàbí kí ó dá olóòtú dúró. Bí ẹ bá rí àmì ìparẹ́ lórí àyọkà yín, ẹ má fọwọ́ ara yín yọ ọ́. Ẹ dáhùn níbi tí wọ́n ti ń jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì fi orísun tí wọ́n ní kò sí kún àyọkà náà lójú ẹsẹ̀, èyí ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ jù.

Ẹ fi àyọkà náà sínú àkójọ ohun tí ẹ ń ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ tí àyájọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè náà bá bọ́ sí ni àwọn àlejò máa ń wọlé jù, àwọn kan nínú wọn á sì fi orin ìyìn tàbí èébú sínú rẹ̀. Ní ti Hàítì, ìyẹn ni ọjọ́ ọdún tuntun, nígbà tí ọ̀pọ̀ olóòtú wa wà nínú fàájì. Ẹ wo ìtàn àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ 2 tàbí 3 oṣù Kìíní, kí ẹ fi ohun tó yí padà wé orísun yín.